Kí ló mú kí ó ṣòro tó bẹ́ẹ̀ láti rí iṣẹ́ ní Google, Amazon àti àwọn ẹgbẹ́ wọn?

Ará Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ sọ́fítíwìà ni mò ń ṣe ní Yábàá, ní ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn èèyàn ń lò láti fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ojúṣe tèmi ni kí owó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ dé ibi tí ó ń lọ, kí ó má sọnù lójú ọ̀nà, kí a má sì yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ètò náà bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní òpin oṣù, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́. Láìpẹ́ yìí, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní òkè òkun pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò sì sí ẹni tí ó bi mí ní ohunkóhun nípa iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí. Àpótí kan tí ó kún fún nọ́ńbà ni wọ́n yà síwájú mi, wọ́n ní kí n kọ kóòdù tí yóò wá ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láti igun kan dé èkejì láàárín ìṣẹ́jú 45, ẹnì kan sì ń wo gbogbo lẹ́tà tí mo bá tẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n kọ̀wé pé àwọn kò ní lè bá mi tẹ̀ síwájú. Wọn kò sọ ìdí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan èmi nìkan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Max Howell, ẹni tí ó kọ Homebrew, ètò tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà Apple ṣiṣẹ́ sọ́fítíwìà fi ń gbé irinṣẹ́ wọn sórí ẹ̀rọ, kọ ọ́ sórí Twitter pé Google kò gba òun síṣẹ́. Ó ní 90 nínú 100 ẹnjiníà wọn ni ó ń lo ohun tí òun kọ, ṣùgbọ́n nítorí pé òun kò lè yí binary tree, ìyẹn dátà tí a tò bí ẹ̀ka igi, padà lórí pátákó, wọ́n ní kí òun máa lọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá rí ọ̀nà wọlé, kí ni wọ́n ń wá gan-an? Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, tàbí tí ẹ ti gbìyànjú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Seattle

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìfaradà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, mo sì wà lára àwọn tí ń jókòó sí òdìkejì tábìlì náà. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìnira tí o rí kò ṣèèṣì wáyé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Wo iye èèyàn ná. Laszlo Bock, tí ó jẹ́ olórí ètò òṣìṣẹ́ ní Google láti 2006 di 2016, sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn tí ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́dún kan lé ní mílíọ̀nù 2, ẹgbẹ̀rún mélòó kan péré ni wọ́n sì ń gbà nínú wọn. Kódà bí a bá yọ gbogbo ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà rárá kúrò, àwọn tí ó kù tí wọ́n lè ṣe é dáadáa ṣì pọ̀ ju àyè lọ. Kò sí bí wọn kò ṣe ní kọ ọ̀pọ̀ ẹni rere sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n iye èèyàn nìkan kọ́. Ẹ̀rù ni ó ga jù níbẹ̀. Ẹni tí kò yẹ tí a gbà wọlé máa ń ná ilé-iṣẹ́ ní owó oṣù, ó ń gba àkókò àwọn tí yóò máa tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì máa ń pẹ́ kí a tó lè yọ ọ́. Ẹni tí ó yẹ tí a kọ̀ kò ná wọn ní ohun kan tí ojú wọn rí. Nítorí náà, nígbà tí ọkàn bá pín sí méjì, rárá ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n tilẹ̀ fi èyí sínú ètò ìgbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀. Láti 1999 ni Amazon ti ní àwọn tí wọ́n ń pè ní Bar Raiser: òṣìṣẹ́ kan láti ẹ̀ka mìíràn, tí kò nílò ẹni tí ẹ̀ ń gbà náà rárá, a máa jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù, bí kò bá sì fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà parí. Ní Google, kì í ṣe ọ̀gá tí o fẹ́ bá ṣiṣẹ́ ni ó ń pinnu. Ìgbìmọ̀ kan ni yóò ka ohun tí àwọn tí ó bi ọ́ ní ìbéèrè kọ sílẹ̀ nípa rẹ, àwọn ìgbìmọ̀ náà kò sì rí ojú rẹ rí. Ohun tí a kò kọ sínú àkọsílẹ̀ náà, kò sí fún wọn. Nígbà tí mo bá ń bi èèyàn ní ìbéèrè, mo máa ń kọ ọ́ bóyá ó bi mí ní nǹkan kí ó tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó dán kóòdù rẹ̀ wò fúnra rẹ̀, àti iye ìgbà tí mo ní láti tọ́ ọ sọ́nà. Ìdáhùn tí ó pé ṣùgbọ́n tí a dákẹ́ ṣe lè má tó ìdáhùn tí kò parí ṣùgbọ́n tí a ṣàlàyé rẹ̀ ní ìpele-ìpele.

Ní ti Howell, ó yẹ kí a fi ìyókù ìtàn náà kún un. Lẹ́yìn ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ òun lórí Twitter kò ṣe déédéé sí Google, pé òun kò kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ó dúró lórí rẹ̀ pé ó yẹ kí wọ́n gba òun, nítorí pé òun mọ bí a ṣe ń ṣe ohun tí èèyàn ń lò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni mo gbà pé òótọ́ ni.

Olùkọ́ ní Àkúrẹ́

Mo ki gbogbo yín. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, mo sì fẹ́ bá Ará Yábàá jiyàn díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ohun tí wọ́n bi í kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Bí kò bá sì fẹ́ yọ owó oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì, ètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè rántí ìdúnàádúrà tí ó ti rí rí, kí ó sì dá a mọ̀ kíákíá láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Hash table ni ó ń ṣe ìyẹn. Bí ìlà ìdúnàádúrà bá gùn ní òpin oṣù, ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó ni yóò sọ bóyá yóò dákẹ́ tàbí kò ní dákẹ́. Ìbéèrè àpótí nọ́ńbà náà, ọ̀rọ̀ graph ni, ìyẹn àwọn ibi àti ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀, ìmọ̀ kan náà ni ó sì wà nídìí bí máàpù orí fóònù ṣe ń tọ́ awakọ̀ láti Ìkòròdú dé Ọ̀shòdì. Ìmọ̀ náà kì í ṣe ohun tí wọ́n hùmọ̀ láti fi yọ èèyàn lẹ́nu.

Ibi tí ẹ̀dùn ọkàn mi wà ni ọ̀dọ̀ tiwa. A ń kọ́ àwọn ọmọ ní data structures, ìyẹn oríṣiríṣi ọ̀nà tí a ń gbà to dátà, ní ọdún kejì, ìwé ẹ̀kọ́ wa kò sì kéré sí ti ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bíírò àti ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ kóòdù nínú yàrá ìdánwò, nítorí pé kọ̀ǹpútà kò tó, iná kò sì dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba máàkì tí ó ga láì tíì rí i kí kóòdù rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí. Ẹ wo ìyanṣẹ́lódì pẹ̀lú: ní 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì láti oṣù Kẹta títí wọ inú oṣù Kejìlá, ní 2022 sì ni a tún wà nílé láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Mo wà lára àwọn tí ó yanṣẹ́ lódì, mo sì gbà pé ohun tí a ń jà fún tọ́, ṣùgbọ́n n kò lè pa á mọ́ pé àwọn ọmọ tí ó wà ní ọdún kejì nígbà náà pàdánù àkókò tí ó yẹ kí ìmọ̀ yìí wọ̀ wọ́n lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń bá ẹni tí ó ti ń ṣe ìdánrawò láti ilé-ìwé gíga ní Béńgálúrù tàbí ní Beijing du àyè kan náà.

Ìyá Ìbejì ní Manchester

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ọkùnrin ilé yìí kò tíì sọ. Olùkọ́, mo gbà pẹ̀lú yín pé ìmọ̀ náà wúlò. Ṣùgbọ́n ṣé ìmọ̀ náà ni wọ́n ń wọ̀n ní tòótọ́?

Ní 2020, àwọn olùwádìí ní North Carolina State University àti Microsoft kó akẹ́kọ̀ọ́ 48 jọ, wọ́n sì pín wọn sí méjì. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn. Àwọn kan ṣe é lórí pátákó lójú ẹni tí ń wò wọ́n, bí a ṣe ń ṣe é ní ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn tí ó kù dá nìkan ṣe é nínú yàrá. Iṣẹ́ àwọn tí a ń wò kò tó ìdajì ti àwọn tí ó dá wà. Àwọn obìnrin inú wọn kò pọ̀, nítorí náà n kò fẹ́ gbé e ga ju bí ó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí a ń wò tí ó yege, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ó dá nìkan wà tí kò yege. Bí ìdánwò bá ń wọn ìgboyà lójú àjèjì, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọpọlọ ló ń wọ̀n.

Ẹ tún wo àkókò. Àwọn tí ń yege máa ń lo oṣù púpọ̀ lórí LeetCode, ìkànnì tí a ti ń fi irú ìbéèrè yìí ṣe ìdánrawò, ní alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Mo ní ọmọ méjì tí wọ́n ń jí lóru. Ẹni tí ó bá ń tọ́mọ, tàbí tí ó ń tọ́jú òbí, tàbí tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì kí ó tó jẹun, kì í ní alẹ́ tí ó ṣófo. Ìdánwò tí a gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún lọ́nà yìí ti yan àwọn tí ó ní àyè kí ó tó yan àwọn tí ó ní òye.

Kí a má sì gbàgbé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pè ọ́ rárá. Ní 2014, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀rọ kan tí yóò máa ka CV, tí yóò sì máa fún wọn ní máàkì. CV tí wọ́n ti gbà láàárín ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọkùnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀rọ náà kọ́ bí a ṣe ń dín máàkì CV tí ó bá dárúkọ ẹgbẹ́ obìnrin kù. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn Reuters tú àṣírí rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ti pa á tì. Ní ti orúkọ, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Bertrand àti Mullainathan, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2004: wọ́n fi nǹkan bí CV 5,000 ránṣẹ́ ní Boston àti Chicago, àwọn kan ní orúkọ tí ó dún bí ti aláwọ̀ funfun, àwọn kan ní orúkọ tí ó dún bí ti aláwọ̀ dúdú. Ìpè tí àwọn ti àkọ́kọ́ gbà fi ìdajì pọ̀ ju ti èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó wà nínú CV wọn jọra. Iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ti ọjà títà ni wọ́n dán wò, kì í ṣe ti sọ́fítíwìà, ṣùgbọ́n èmi tí orúkọ mi ní àmì ohùn mọ ohun tí mò ń sọ.

Ará Yábàá

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Olùkọ́, mo gbọ́, òdodo ọ̀rọ̀ ni. Mò ń lo hash table lójoojúmọ́ láì ronú nípa bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú. Màmá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ìwádìí àwọn tí wọ́n ń wò yẹn ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an. Nígbà tí mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà tí kò sí ẹni tí ń wò mí, mo kọ kóòdù náà parí.

Ẹ̀gbọ́n Seattle, ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Bí ẹ̀yin tí ẹ wà nínú rẹ̀ bá mọ̀ pé ètò náà ń lé ẹni rere dànù, kí ló dé tí ẹ kò fi pa á tì?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Seattle

Ìbéèrè rẹ dára, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Wọ́n ti gbìyànjú láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2013, Bock sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé Google kó ẹgbẹẹgbàárùn-ún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò jọ, wọ́n wo máàkì tí olúkúlùkù olùbéèrè fún ẹni tí ó wá, wọ́n sì fi wé bí ẹni náà ṣe ṣe dáadáa tó nígbà tí ó wọlé. Wọn kò rí ìbátan kankan láàárín méjèèjì, àfi fún ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè lórí ẹ̀ka kan tí ó jinlẹ̀ gan-an. Ó tún sọ pé àwọn àlọ́ tí wọ́n ń pa fún àwọn tí ń wáṣẹ́, bí iye bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tí ó lè kún inú ọkọ̀ òfuurufú, kò wúlò fún nǹkan kan ju pé kí olùbéèrè rí ara rẹ̀ bí ọlọ́gbọ́n. Wọ́n pa àlọ́ yẹn tì. Wọ́n dín iye ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kù sí mẹ́rin, wọ́n sì ní kí a máa bi gbogbo èèyàn ní irú ìbéèrè kan náà, kí a sì máa fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n. Nígbà kan rí, èèyàn lè jókòó níwájú olùbéèrè tí ó ju mẹ́wàá lọ.

Àtúnṣe ni ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó dé. Ohun tí kò jẹ́ kí ó tẹ̀ síwájú ni pé ilé-iṣẹ́ kì í rí ọjọ́ ọ̀la ẹni tí ó kọ̀. Àwọn tí ó gbà nìkan ni ó ń rí. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, yóò sọ pé ètò òun dára. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni òtítọ́ máa ń jáde síta. Brian Acton wá iṣẹ́ sí Twitter àti Facebook ní 2009, àwọn méjèèjì kọ̀ ọ́, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sí gbangba nígbà náà. Ọdún yẹn kan náà ni òun àti Jan Koum dá WhatsApp sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, Facebook kéde pé òun fẹ́ ra WhatsApp ní bílíọ̀nù 19 dọ́là. Ilé-iṣẹ́ tí kò gbà á síṣẹ́ olówó oṣù ni ó padà wá fi owó yìí wá a. Ṣùgbọ́n fún Acton kan tí a gbọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni a kò gbọ́, nítorí náà kò sí ohun tí ń gún wọn ní kẹ́ṣẹ́ láti yí i padà.

Ní ti kí a pa á tì pátápátá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí ó wà kí ìdánwò kóòdù tó gbilẹ̀ ni kí a wo orúkọ yunifásítì tí èèyàn ti jáde, kí a sì béèrè ta ni ó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá padà sí ìyẹn, ọmọ Àkúrẹ́ tàbí ọmọ Yábàá kò ní rí ẹnu ọ̀nà rárá. Ìdánwò yìí, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, kò bi mí ní ilé-ìwé tí mo lọ.

Ìyá Ìbejì ní Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ta-ni-ó-mọ̀-ọ́ ti tán. Kò tán. Ìwé ìwáṣẹ́ ẹni tí òṣìṣẹ́ kan nínú ilé-iṣẹ́ náà ti bá a fi orúkọ sílẹ̀ kò jọ ti ẹni tí ó dá CV rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Seattle

Òótọ́ ni, aya wa. Ó máa ń jẹ́ kí èèyàn ẹlẹ́ran ara ka CV náà dípò kí ó sùn sínú ẹ̀rọ, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré nígbà tí mílíọ̀nù èèyàn wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí agbára rẹ̀ parí sí nìyẹn. Ìgbìmọ̀ kò ní fi í gba ẹni tí kò yege. Mo máa ń fi orúkọ àwọn ọmọ wa sílẹ̀, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tí ó wà nínú ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ń ka èyí pé kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ẹ̀yà mìíràn kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Àgbà Ìkẹjà

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀. Èmi ni mò ń gba àwọn ẹnjiníà síṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan níbí, mo sì fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí pé ìjíròrò yìí ti ń da wọ́n pọ̀. Ó le láti yege ìdánwò náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó wà ní Nàìjíríà, ilẹ̀kùn mìíràn wà lẹ́yìn ìdánwò, kò sì sí kóòdù tí ń ṣí i.

Físà H-1B ti Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fi ń gba àjèjì, 85,000 péré ni ó wà lọ́dún: 65,000 fún gbogbogbòò, 20,000 fún àwọn tí ó gba oyè gíga ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lé ní 780,000, tẹ́tẹ́ ni wọ́n sì fi mú. Èèyàn lè yege gbogbo ìdánwò kí tẹ́tẹ́ má mú un. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìjọba wọn ti kéde pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ fi físà yìí mú ẹni tuntun láti ẹ̀yìn odi yóò san 100,000 dọ́là. Ẹ bi ara yín léèrè irú ẹni tí wọn yóò san irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí. Ní Ìlú Ọba, owó oṣù ọdún kan tí ó kéré jù fún físà òṣìṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ gòkè dé £38,700 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó sì di £41,700 ní oṣù Keje ọdún 2025. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ìyẹn kàn jù.

Ẹ fi ti ọjà kún un. Láti òpin 2022 ni wọ́n ti ń dá òṣìṣẹ́ dúró: Meta, tí ó ni Facebook, 11,000 ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, lẹ́yìn náà 10,000 sí i, Google 12,000, Microsoft 10,000, Amazon 18,000, gbogbo wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Àwọn tí wọ́n dá dúró yìí ti yege ìdánwò náà rí, wọ́n ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá lórí CV wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì nílò físà. Àwọn ni Ará Yábàá ń bá du àyè. Ní ìgbà kan, a rò pé ilé-iṣẹ́ náà ni yóò wá bá wa nílé. Microsoft dá ibùdó sílẹ̀ ní Èkó àti Nairobi ní 2019, inú wa dùn, ṣùgbọ́n ní 2024 wọ́n ti ti Èkó pa, Nairobi sì ń bá iṣẹ́ lọ. Andela, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2014 láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ fún òkè òkun, dá nǹkan bí 400 àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà dúró ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀: àwọn oníbàárà kò fẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ mọ́, ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́.

Ohun tí mo rí láti ibi tí mo jókòó sí ni pé bí wọ́n bá kọ ọmọ wa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn náà kò ní ohun tí ó sọ nípa ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti gba àwọn tí wọ́n kọ̀ ní òkè òkun, wọ́n sì wà lára àwọn tí mo lè fi gbogbo ètò wa sílẹ̀ fún kí n sì sùn.

Ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ọdún kẹta ni mo wà. Bí ọ̀rọ̀ físà bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí n tilẹ̀ kọ́ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, àbí kí n fi àkókò mi kọ́ nǹkan mìíràn? Mo tún gbọ́ pé AI ti ń bá àwọn èèyàn dáhùn ìbéèrè náà, tí ìdánwò náà kò fi ní pẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀.

Àgbà Ìkẹjà

Kọ́ ọ, ọmọ mi. Èmi náà ń bi àwọn tí ó wá sọ́dọ̀ mi ní díẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń gba èèyàn láti máa ṣiṣẹ́ láti ilé, tí kò sí ọ̀rọ̀ físà níbẹ̀, sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe kọ́ òun nìkan. Kọ ohun kan tí àwọn èèyàn ń lò, kí o sì máa tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́.

Olùkọ́ ní Àkúrẹ́

Ní ti AI, ohun tí ó ń fà kò dára fún wa. Sundar Pichai, olórí Google, sọ ní 2025 pé àwọn fẹ́ rí i dájú pé ó kéré tán, ìpele kan nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yóò jẹ́ ojúkojú, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni náà mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́. Wọn kò pa ìdánwò náà rẹ́, wọ́n ń mú un padà sínú yàrá ni. Ọdún tí wọ́n fi ń ṣe é láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè jókòó nílé dán ara rẹ̀ wò. Bí ó bá di dandan kí ó wà níbẹ̀, físà àbẹ̀wò àti owó ọkọ̀ òfuurufú tún ti wọ̀ ọ́. Kódà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, gbogbo wa ni a rántí oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní etíkun Ivory Coast, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìṣòro káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ̀sẹ̀ yẹn kò ní bí yóò ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún àjèjì.

Ará Yábàá

Ẹ̀gbọ́n Seattle, kí n tó fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè tí ó wà lórí LeetCode ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ọwọ́ mi kò sì dilẹ̀ títí di alẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Seattle

Má ṣe gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti orí array, ìyẹn dátà tí a tò tẹ̀lé ara wọn, àti hash table, lẹ́yìn náà tree àti graph. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí wọ́n máa bi ọ́ ti ń wá. Dynamic programming, ìyẹn pípín ìṣòro ńlá sí kéékèèké kí a sì máa rántí ìdáhùn wọn, lè dúró di ìgbẹ̀yìn. Nítorí pé o ti ní ọdún lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á tún ní kí o ya bí a ṣe lè kọ́ ètò ńlá kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ owó fífiránṣẹ́ rẹ yóò ti gbè ọ́. Sọ fún wọn bí ẹ ṣe ń dènà yíyọ owó lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì sọ ohun tí ó máa ń bàjẹ́. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, má ṣe tẹ kóòdù kankan títí wàá fi sọ ọ̀nà tí o fẹ́ gbà jáde lẹ́nu, tí olùbéèrè sì ti gbọ́. Bí iná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá dá ọ lójú, kọ̀wé sí wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kí o béèrè nọ́ńbà tí o lè pè bí ó bá já. Wọn kì í bínú sí ìyẹn.

Nítorí ohun tí Màmá Ìbejì sọ nípa ẹni tí a ń wò, dídá nìkan ṣe ìdánrawò kò ní tó. Kí ẹnì kan máa wò ọ́ títí ojú yóò fi mọ́ ọn. Màá wà níbí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé oṣù yìí, láti aago 12 ọ̀sán tiwa, tí í ṣe aago 8 alẹ́ ní Èkó. Ẹni méjì ni mo lè gbà lọ́sẹ̀ kan. Ará Yábàá àti Ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí ó kọ́kọ́ wá.

Ìyá Ìbejì ní Manchester

Ẹ fi orúkọ tèmi sí Sátidé kejì láti máa bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè. Bí obìnrin kankan bá ń ka èyí tí kò fẹ́ jókòó síwájú ọkùnrin lákọ̀ọ́kọ́, kí ó kọ̀wé sí mi. Àwọn ọmọ á ti sùn ní aago 9 alẹ́.